Ẹni Tí A Kọ, Ohun Tí A Fò Dá: Àríyànjiyàn lórí Àìṣègbè nínú Ìtàn Ìgbésí-Ayé Kwame Nkrumah

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn ìwé tí a ti kọ lórí ìgbésí-ayé Kwame Nkrumah, ẹni tó ṣáájú nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957. Ìbéèrè tí a gbé yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ òǹkọ̀wé lè kọ ìtàn ẹni tí a kà sí olùdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè láìṣègbè? A fi hàn pé kì í ṣe irọ́ ni ìṣègbè sábà máa ń bá wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe àfòdá, ìyẹn ohun tó yẹ kí a kọ ṣùgbọ́n tí a kò kọ. A pín àfòdá sí oríṣi mẹ́rin, a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n Nsawam àti ìdídò Akosombo ṣe àpẹẹrẹ, a sì dábàá bí olùkọ́ ṣe lè lo irú ìwé wọ̀nyí ní kíláàsì.

Ìfáàrà

Nínú ọgbà ìrántí tí wọ́n sin Kwame Nkrumah sí ní Accra, ère rẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní dúró gbagidi, ó na ọwọ́ síwájú. Èkejì ni èyí tí wọ́n wó lulẹ̀ nígbà tí àwọn ológun àti ọlọ́pàá gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, 1966. Ère kejì yìí kò lórí mọ́. Orí náà, tí wọ́n rí gbà padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wà lórí òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọn kò gbé ère tó fọ́ náà pamọ́, wọn kò sì lẹ orí rẹ̀ padà mọ́ ọn. Ẹni tó bá wọ ọgbà náà yóò rí i pé àwọn kan gbé ọkùnrin yìí ga, yóò sì rí i pé àwọn kan wó o lulẹ̀. Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ nípa rẹ̀ kò fi lè ṣe ohun tí ọgbà yìí ṣe.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ ìtàn Nkrumah lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nìkan, tàbí lẹ́nu ẹni tó kórìíra rẹ̀ nìkan, ìdájọ́ òṣìkà ni yóò dá, bí gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyẹn. Èké rọrùn láti tú fó, nítorí pé a lè fi ẹ̀rí gbè é lójú. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ kò ní ojú tí a lè fi mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹni tó ń kàwé bá ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Oríkì ń gbé ẹni ga, síbẹ̀ kì í fi gbogbo àléébù pamọ́. Akígbe lè mẹ́nu ba agídí baba-ńlá ẹni, tàbí ìjà tí ìdílé ẹni jà tí wọn kò borí, láàárín ìyìn gan-an, kí inú onílé má sì bàjẹ́. Ìwé ìtàn ìgbésí-ayé ẹni, bí a ṣe ń kọ ọ́ lóde òní, kì í sábà ní irú àyè bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ẹni tí a ń kọ nípa rẹ̀ bá jẹ́ olórí tí orílẹ̀-èdè so orúkọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Nkrumah àti ìbéèrè ta ni olùdásílẹ̀

Nkroful, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni wọ́n ti bí Nkrumah. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1935, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1945. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, 1947, nígbà tí kò tíì padà wálé, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ United Gold Coast Convention sílẹ̀ ní Saltpond. Ako-Adjei, tó ti mọ̀ ọ́n lókè òkun, ló dábàá orúkọ rẹ̀ fún iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ó sì dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, 1948, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ológun rí, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní Accra. Ìjọba amúnisìn kó olórí ẹgbẹ́ mẹ́fà sí àtìmọ́lé: J. B. Danquah, William Ofori-Atta, Edward Akufo-Addo, Ako-Adjei, Emmanuel Obetsebi-Lamptey àti Nkrumah. Àwọn wọ̀nyí ni ìtàn Gánà ń pè ní Àwọn Mẹ́fà. Kò pẹ́ tí Nkrumah fi yapa, ó sì dá ẹgbẹ́ Convention People's Party (CPP) sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, 1949. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdìbò oṣù Kejì, 1951. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1957, Gánà gba òmìnira.

Ta wá ni olùdásílẹ̀? Ìbéèrè yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin. Ní 2009, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé a bí Nkrumah, ìjọba Ààrẹ Mills sọ ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án di Ọjọ́ Olùdásílẹ̀. Ní 2019, lábẹ́ Ààrẹ Nana Akufo-Addo, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú Àwọn Mẹ́fà, òfin yí padà: ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ di Ọjọ́ Àwọn Olùdásílẹ̀, ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án sì di ọjọ́ ìrántí Nkrumah lásán. Ní 2025, lábẹ́ Ààrẹ Mahama, wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “àwọn”, ni ìjọba mẹ́ta ń fi sí tí wọ́n sì ń yọ kúrò. Bí ìjọba bá lè fi ọ̀rọ̀ kan yí ìtàn orílẹ̀-èdè po báyìí, kí ni òǹkọ̀wé kò ní lè fi odidi orí ìwé ṣe?

Ọjọ́ ìbí náà gan-an kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àlùfáà tó ṣe ìrìbọmi fún Nkrumah ló kọ ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, 1909 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Kwame ni orúkọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láàárín àwọn Akan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ọjọ́ tí àlùfáà kọ yìí bọ́ sí. Nkrumah fúnra rẹ̀ kò fi iyèméjì yìí pamọ́: ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọdún 1912 ni ìyá òun kà á sí. Ẹni tó ni ìtàn jẹ́wọ́ pé ọjọ́ náà kò dá òun lójú. Àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ni kò bèèrè mọ́.

Oríṣi àfòdá mẹ́rin

Àkọ́kọ́ ni àfòdá àsìkò. Ní ọjọ́ òmìnira gan-an ni ìwé tí Nkrumah kọ nípa ara rẹ̀ jáde. Ghana ni àkọlé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá fi kún un pé ìtàn ìgbésí-ayé Kwame Nkrumah ni. Orílẹ̀-èdè àti ènìyàn ti di ọ̀kan lórí èèpo ìwé. Ìwé náà parí sí ibi tí ayọ̀ ti kún. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé kò kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fi ìwé 1957 nìkan kọ́ ọmọ ní ìtàn ẹni tó wà lórí oyè títí di 1966, tó sì kú ní Bucharest ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, 1972, olùkọ́ ló fo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dá, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Èkejì ni àfòdá ìfẹ́ tàbí ìkórìíra. Ní 1970, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba, T. Peter Omari tẹ ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ti pe ìṣèjọba Nkrumah ní ti apàṣẹwàá kí a tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ní 1999, June Milne, tó bá Nkrumah ṣiṣẹ́ tó sì ń tẹ àwọn ìwé rẹ̀ jáde, kọ tirẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ ló fi wò ó. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ọ̀kan láìka èkejì yóò rò pé ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àfòdá ìbẹ̀rù. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí ìgbésí-ayé Nkrumah ni Bankole Timothy, oníròyìn ọmọ Sierra Leone tí orúkọ Yorùbá tó ń jẹ́ rán wa létí àwọn Sàró. Ìwé rẹ̀, tó sọ bí Nkrumah ṣe dé ipò, jáde ní 1955. Ní 1957, lẹ́yìn tó ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba nínú ìwé ìròyìn, ìjọba Nkrumah lé e kúrò ní Gánà. Bí ẹni tó kọ ìwé nípa ìgòkè rẹ̀ bá lè rí irú èyí, kí ni àwọn tó kù nílé yóò gbójú-gbóyà kọ? Nígbà tí ìjọba bọ́ lọ́wọ́ Nkrumah, ìbẹ̀rù yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àwọn ológun fòfin de ẹgbẹ́ CPP, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sí àtìmọ́lé láìgbẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtìmọ́lé láìgbẹ́jọ́ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun náà. Àkókò yìí wá di ti àwọn tó fẹ́ yìn ín láti pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀kẹrin ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì pamọ́ jù: àfòdá àwọn tí kò ní òǹkọ̀wé. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn Àwọn Mẹ́fà ni àwọn obìnrin bí Hannah Kudjoe wà, ẹni tó rìn káàkiri ilẹ̀ náà láti polongo fún CPP. Ní 2009, òpìtàn Jean Allman ṣe àkọsílẹ̀ bí orúkọ obìnrin yìí ṣe pòórá nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà díẹ̀díẹ̀. Nkrumah fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé akitiyan àwọn obìnrin wà lára ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà dé ibi tó dé. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò tẹ̀lé ipa ọ̀nà yẹn.

Àwọn àjèjì náà wà nínú oríṣi kẹrin yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòhò àti Òfà ló ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá, 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí pé ìgbà Busia ni èyí ṣẹlẹ̀, ó rọrùn láti rò pé ìgbà Nkrumah kò ní irú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní 1957 kan náà tí wọ́n lé Timothy, ìjọba Nkrumah lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì tí wọ́n ń ṣe alátakò ní Kumasi lọ sí Nàìjíríà, ó sì ṣe òfin pàtàkì kan kí ilé ẹjọ́ má baà dá a dúró. Iye ènìyàn inú ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba rárá, kò sì yẹ kí a sọ pé wọ́n dọ́gba. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí ìrántí èyí tó tóbi pa ìrántí èyí tó kéré rẹ́.

Nsawam àti Akosombo

Ibi tí àwọn ìwé ti máa ń yapa jù ni ọ̀rọ̀ òfin àtìmọ́lé tí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní oṣù Keje, 1958. Òfin náà fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Danquah, ọ̀mọ̀wé àti agbẹjọ́rò tó jà fún orúkọ náà, Ghana, tó sì bá Nkrumah du ipò ààrẹ ní 1960, wọ àtìmọ́lé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wọ̀n Nsawam ló kú sí ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, 1965. Obetsebi-Lamptey náà ti kú nígbà tó wà ní àtìmọ́lé ní 1963. Ako-Adjei, tó dábàá orúkọ Nkrumah ní 1947, ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn lórí bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Nkrumah ní Kulungugu ní oṣù Kẹjọ, 1962. Nígbà tí Adájọ́ Àgbà Arku Korsah àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá, 1963, Nkrumah lé Korsah kúrò nípò, ó sì fagi lé ìdájọ́ náà. Wọ́n tún ẹjọ́ náà dá, wọ́n sì dájọ́ ikú fún Ako-Adjei, kí wọ́n tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n. Nínú Àwọn Mẹ́fà tí òyìnbó tì mọ́lé pọ̀, méjì kú sí àtìmọ́lé ẹnìkan nínú wọn. Ìwé tó bá fo èyí dá kì í ṣe ìtàn Nkrumah.

Ṣùgbọ́n ìwé tó bá dúró sí Nsawam náà kò tíì kọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí ilé Nkrumah ní Accra ní oṣù Kọkànlá, 1955. Ọmọdé kú nínú ti Kulungugu. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1964, ọlọ́pàá kan yìnbọn sí i nínú ọgbà ìjọba, ó sì pa ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Àwọn ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n tú síta lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Washington ti ń retí ìdìtẹ̀gbàjọba láti 1965. Àwọn ohun wọ̀nyí kò dá òfin àtìmọ́lé láre, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n pamọ́ ti sọ Nkrumah di ẹni tó kàn ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀.

Bákan náà, ìjọba yìí kan náà ló mú owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò láti 1952, ọdún mẹ́ta kí Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1955. Òun ló kọ́ èbúté Tema, òun ló sì kọ́ ìdídò Akosombo lórí odò Volta, èyí tí Nkrumah ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní, 1966, tí oṣù kan ṣì kù kí wọ́n gbàjọba. Iná mànàmáná rẹ̀ dé Togo àti Benin pẹ̀lú. Àwọn tó ń yìn ín kì í sì í dúró pẹ́ lórí pé nǹkan bí 80,000 ènìyàn ló kúrò ní abúlé wọn tó ju 700 lọ nítorí adágún omi náà, tí wọ́n sì kó wọn sí ìlú tuntun 52. Nsawam àti Akosombo kì í ṣe ìtàn ọkùnrin méjì. Ọdún kan náà ni wọ́n ń kọ́ ìdídò tí Danquah kú. Ọwọ́ kan náà ló ń fọwọ́ sí ìwé méjèèjì.

Ǹjẹ́ àìṣègbè ṣeé ṣe?

Àwọn kan ní kò yẹ kí ọmọ Áfíríkà máa tú àṣírí aṣáájú rẹ̀, nítorí pé àwọn amúnisìn ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ lójú gbígbóná ìdìtẹ̀gbàjọba kì í ṣe ìtàn bí kò ṣe ìbanilórúkọjẹ́. Síbẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni Danquah, ọmọ Áfíríkà ni Korsah, ọmọ Áfíríkà sì ni àwọn abúlé tí omi bò mọ́lẹ̀. Bí a bá pa ẹnu mọ́ nítorí iyì Áfíríkà, iyì ta ni a ń dáàbò bò?

Àwọn mìíràn rò pé àìṣègbè ni kí a yìn díẹ̀ kí a sì bú díẹ̀, bí ẹni ń wọn ẹ̀kọ́. Ìyẹn náà kò tọ̀nà. Ẹni tó fi ojú ìwé mẹ́wàá yin Akosombo, tó sì fi mẹ́wàá bu Nsawam, kò tíì sọ bí ẹnìkan ṣe ṣe méjèèjì. Àpẹẹrẹ mẹ́ta wà tó lè ràn wá lọ́wọ́. Basil Davidson, tó fẹ́ràn Nkrumah, sọ nínú àkọlé kejì ìwé rẹ̀ ti 1973 pé ìwòye kan péré ni òun ń gbé kalẹ̀. Ó jẹ́ kí a mọ ibi tí òun dúró sí. Ali Mazrui, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1966 tó dá awuyewuye sílẹ̀, ya iṣẹ́ Nkrumah fún òmìnira àti fún Áfíríkà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣe sí àwọn ará Gánà, ó sì dá ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. C. L. R. James ló ṣe èyí tó wú wa lórí jù. Ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Nkrumah, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa rẹ̀ ní ọdún òmìnira, ṣùgbọ́n nígbà tí Nkrumah lé Korsah, ó kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1977, kò tún ọ̀rọ̀ ìyìn àtijọ́ kọ kó lè dà bíi pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ìbáwí tẹ̀lé e. Ẹni tó ń kàwé rí ìgbàgbọ́ náà, ó sì rí ìjákulẹ̀ náà.

Nítorí náà, ohun tí àìṣègbè túmọ̀ sí lójú tiwa kì í ṣe pé kí òǹkọ̀wé má ní ìhà tirẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí ó jẹ́ kí a mọ ìhà náà, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an jẹ́rìí níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn án.

Ìlò rẹ̀ fún olùkọ́

Ìbéèrè mẹ́ta ni a dábàá fún àkẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó bá fẹ́ lo ìwé ìtàn ìgbésí-ayé aṣáájú èyíkéyìí ní kíláàsì. Èkíní: ọdún wo ni ìwé yìí jáde, ọdún wo ni ìtàn inú rẹ̀ sì parí? Èkejì: kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé yìí bí ó bá kọ òdìkejì ohun tó kọ? Ẹ̀kẹta: ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìwé? Kò dìgbà tí a bá ní ilé ìkówèésí ńlá kí a tó lè bèèrè wọn. Ìwé méjì tí kò gbà fúnra wọn, tí a kà pọ̀ lórí ọdún kan ṣoṣo, ti tó. Bí ọmọ bá ti lè béèrè bẹ́ẹ̀ lórí Nkrumah, kò ní ṣòro fún un láti bèèrè rẹ̀ lórí àwọn aṣáájú tiwa náà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dun olùkọ́ àti òbí jù.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé àfòdá ni ọ̀nà tí ìṣègbè máa ń gbà jù wọ inú ìtàn olùdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè, pé ó lè ti ọwọ́ àsìkò, ìfẹ́ tàbí ìkórìíra, ìbẹ̀rù, tàbí àìní òǹkọ̀wé wá, àti pé ìyìn àti èébú tí a wọ̀n dọ́gba kò lè wò ó sàn. Ọmọ tí a kọ́ pé olùdásílẹ̀ kò ṣẹ̀ rí kò ní mọ bí a ti ń bi alágbára léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ló ṣe kò ní mọ ìdí tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fi tẹ̀lé e ní 1951, nígbà tí kò ní nǹkan kan láti fún wọn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ láti inú ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mú ọmọ rìn yí ère méjèèjì ká, kó rí èyí tó dúró, kó sì rí orí tó wà lọ́tọ̀.